Ọmọ jẹ ẹyin tán, ètè ẹ̀ wú: ṣé àlẹ́jì ni àbí eyín ló ń hù?

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, ọyàn àti ògì ló ń mu, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan míì kún un díẹ̀díẹ̀. Lánàá mo se ẹyin, mo fọ́ ọ mọ́ ọ̀dùnkún, bóyá ló jẹ ju ṣíbí kékeré méjì lọ. Mi ò tíì fọ abọ́ tán tí mo fi rí i tó ń fọwọ́ ra ojú, mo gbé e wò, ètè òkè ti wú, ó bì lẹ́ẹ̀kan, àwọn nǹkan kan sì yọ sí i lẹ́yìn àti lápá itan bí ibi tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn. Kó tó di alẹ́ gbogbo ẹ̀ ti pòórá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù, ọkọ mi ní ẹ̀fọn ni, èmi lọ wo fọ́tò lórí Google àmọ́ ọmọ òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, ara tiwọn pupa fòò, ti ọmọ tèmi ò pupa rárá. Ṣé àlẹ́jì lèyí, pé ara ẹ̀ kọ ẹyin? Ṣé kí n tún fún un ní díẹ̀ lọ́la ká lè mọ̀ dájú?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ má tún fún un o!!! Ẹ dúró kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn ná. Nọ́ọ̀sì wa dà?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Mo ti dé o, iṣẹ́ ni mo ti dé. Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò fojú rí ọmọ yín, dókítà ló máa sọ ohun tó jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí mi ò lè pè é ní eyín. Eyín lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kó máa sunkún, kì í wú ètè ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀fọn náà kì í jẹ ọmọ kó tún mú un bì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àwọn òbí ni àkókò. Ó jẹ ẹ́ nígbà wo, ó bẹ̀rẹ̀ nígbà wo? Àlẹ́jì oúnjẹ tó ń yára, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń fara hàn, tó bá pẹ́ jù kì í sábà ju wákàtí méjì lọ. Ti ọmọ yín bọ́ sí àkókò yẹn pẹ́kípẹ́kí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, ojoojúmọ́ la ń rí i. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípupa yẹn lè máà hàn rárá, tàbí kí ibẹ̀ kàn dúdú díẹ̀ sí i. Ìyá á ní ara ọmọ ò pupa, á fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara ti wú káàkiri. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wá a. Ẹ bọ́ aṣọ ẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́yìn, ní ikùn, ní itan, tó bá ti yọ sára ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ibẹ̀ ga sókè. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án tààrà láti iwájú, òjìji á fi ibi tó wú hàn yín. Kí ẹ wá wo ètè, ìpéǹpéjú àti etí, torí wíwú ibẹ̀ ò mọ àwọ̀ kankan. Ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ó lè ti lọ, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Ọmọ tí ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ò lè sọ fún yín pé ọ̀fun ń yún òun. Ohun tó máa ṣe ni pé á máa fọwọ́ ra ahọ́n, á máa fa etí, á figbe ta lójijì, á fẹ́ kẹ́ ẹ gbé òun, ká má gbé òun sílẹ̀ mọ́. Àwọn kan á kàn dákẹ́ ni. Ọmọ tó ń ṣeré tó bá jẹun tán tó wá ń tòògbé lójijì, tí kì í ṣe àsìkò oorun ẹ̀, ẹ má rò pé ó yó.

Èyí tí kò ní kẹ́ ẹ dúró wò ó rárá: ikọ́ tí ò dáwọ́ dúró, mímí tó ń dún fée, ohùn ẹkún tó há tàbí tó yí padà, itọ́ tó ń dà ṣàrà torí kò lè gbé e mì, ahọ́n tó wú, bíbì tí ò dúró, ara tó rọ jọwọlọ. Kẹ́ ẹ tún wo inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, bó bá ti ń funfun tàbí tó ń dà bí aró, ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé nìyẹn. Ọmọ yín, ara ẹ̀ yọ, ó sì tún bì, ìyẹn ibi méjì lára ẹ̀ ló fọwọ́ kàn. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ọsibítù tààrà, ẹ má jókòó máa wò ó.

Ẹ má tún dán ẹyin wò nílé, ẹ̀ẹ̀kejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, kéèkì, páńkéèkì, máyọ̀náìsì, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ tì ná. Àti nǹkan kan tó ṣe pàtàkì, oṣù mẹ́sàn-án ti sún mọ́lé. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n máa ń gún ọmọ lóṣù kẹsàn-án ní Nàìjíríà, inú ẹyin ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ sọ fún wọn ní sẹ́ńtà kí wọ́n tó gún un, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó. Ti ìgbóná tí wọ́n ń pè ní mísùsù kò ní wàhálà yẹn, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ìyá Àgbà Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ̀ ń fi Google dẹ́rù ba ara yín. Nígbà tiwa kò sí àlẹ́jì kankan. Ọmọ jẹ nǹkan tí ara ẹ̀ ò gbà, ẹ fi ṣíbí epo pupa kan sí i lẹ́nu, á bì í jáde, ó parí. Mo tọ́ ọmọ mẹ́fà.

Ìyàwó Ìjẹ̀bú:
Mà, ẹ kú ọmọ títọ́. Àmọ́ ẹ má bínú mà, bó bá wà nígbà náà kò ní orúkọ ni. Bọ̀ọ̀dá bàbá mi kì í jẹ edé títí tó fi dàgbà, wọ́n á ní "edé ò bá a lára mu", bó bá ti jẹ ẹ́ ojú ẹ̀ á wú dí. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ìyá wa, ẹ ṣeun mà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ sọ èyí. Ara ọmọ ti mọ̀ pé nǹkan tí òun kọ̀ wọlé kó tó di pé ó wú, bíbì á kó oúnjẹ jáde ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró. Ọmọ tó ń wá èémí, tẹ́ ẹ da epo sí lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn lè gbà lọ, ọmọ á wá ní àìsàn méjì. Mílíìkì náà bẹ́ẹ̀, àgbo náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:
Piriton, oògùn ara yíyún yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi máa ń ní i nínú báàgì nígbà gbogbo.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Bó bá jẹ́ ara yíyún àti sísú nìkan, tí dókítà sì ti sọ iye tó yẹ kí ọmọ yín lò, ó lè ràn án lọ́wọ́. Kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń pa dé, kò lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ti já wálẹ̀ sókè. Adrenaline nìkan ló ń ṣe ìyẹn, abẹ́rẹ́ ni, itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ni wọ́n ń gún un sí. Phenergan, oògùn ara yíyún míì, ẹ má tiẹ̀ fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì rárá, ó lè dá èémí ẹ̀ dúró.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Ọmọkùnrin mi, ẹ̀pà ló ń bá a jà. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n fún wa ní péènì adrenaline méjì, ìyẹn abẹ́rẹ́ adrenaline tó dà bí péènì, méjèèjì ló máa ń wà lápò ẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ, kì í ṣe ọ̀kan nílé ọ̀kan níléèwé o, méjèèjì níbi kan náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀, a máa gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó lè gba orí aṣọ wọlé, a máa pe 999, a máa sọ ọ̀rọ̀ náà "anaphylaxis", ìyẹn àlẹ́jì tó le débi tó lè pa èèyàn, fún wọn ní tààrà kí wọ́n lè yára. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò bá rọlẹ̀, a máa gún ìkejì. Nǹkan tí wọ́n kọ́ wa tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ rí ni pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ dìde dúró, kò gbọ́dọ̀ rìn, kódà tó bá ní ara òun ti yá. Kó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, tàbí kó jókòó tó bá jẹ́ pé mímí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀ torí ibi tí àwa ti máa ń ṣe é lódì nìyẹn. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ lójijì, kí ni ìyá máa kọ́kọ́ ṣe? Á pọ̀n ọ́n, á fi ọ̀já dè é, á gun ọ̀kadà. Tàbí á gbé e nàró sí èjìká á máa sáré. Ọmọ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e nàró báyẹn, ẹ̀jẹ̀ á sá lọ sísàlẹ̀, ọkàn ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó tó fún pọ́ǹpù. Ẹ gbé e sórí apá bí ọmọ tuntun, gbalaja, orí àti ẹsẹ̀ lórí ìlà kan, títí tẹ́ ẹ fi dé ọsibítù. Ẹ wá mọ́tò, ẹ bẹ aládùúgbò, ẹ má pọ̀n ọ́n. Bó bá ń bì, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Péènì tí wọ́n ń sọ yẹn kò wọ́pọ̀ níbí, àmọ́ adrenaline inú ìgò kékeré, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ní in. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibòmíì wọ́n á kọ́kọ́ gún hydrocortisone àti Piriton, wọ́n á máa wò ó. Ẹ lẹ́nu láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé adrenaline wà nínú èyí tẹ́ ẹ gún un?" Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yára dá yín padà sílé náà, torí ó lè lọ kó tún padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìjẹ nǹkan míì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, l'Ékòó 767 náà wà, ṣùgbọ́n tí ọsibítù bá sún mọ́ yín ju áńbúláǹsì lọ, ẹ máa lọ.

Ìyá Ìbejì Akúrẹ́:
Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bà mí lẹ́rù. Tèmi yàtọ̀ o. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, Kẹ́hìndé, bó bá ti jẹ ìrẹsì lílọ̀ kì í ṣe é ní nǹkan kan, ètè ò wú, ara ò sú, á sùn. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà báyìí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á bì títí omi ìtọ́ nìkan á fi máa jáde, ara ẹ̀ á tutù á rọ̀, á funfun lẹ́nu. Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ fún ibà lẹ́ẹ̀mejì. Táíwò ń jẹ ẹ́ ní tiẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ìyá Ìbejì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ síbí gẹ́lẹ́ kẹ́ ẹ mú un lọ bá dókítà ọmọdé. Irú àlẹ́jì oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní FPIES. Ikùn ló ń bá jà, kì í yọ sára, wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń dé, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó máa ń rántí oúnjẹ. Ìrẹsì, óòtì, mílíìkì màlúù àti sóyà ló wà lára èyí tó máa ń fà á jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti awọ kì í sábà rí i, ìtàn tí ìyá bá sọ ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá tún ṣe é, omi ara ẹ̀ tó ń gbẹ lohun tó lè pa á lára jù, wọ́n á nílò láti fa omi sí i, ẹ má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibà náà wà lóòótọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ibà kì í dúró de ìrẹsì.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:
"Ibà kì í dúró de ìrẹsì" 😂 ẹ kú iṣẹ́ mà.
Ó dáa, ìbéèrè tèmi: àbúrò ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n wá ní kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà, ẹyin, ẹja títí tó fi máa pé ọdún mẹ́ta. Ṣé ìyẹn ló dáa jù?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn, kì í ṣe irọ́ wọn, àwọn dókítà gan-an ló sọ ọ́. Lọ́dún 2000 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ tí àlẹ́jì wà nínú ìdílé ẹ̀, kí wọ́n má fún un ní ẹ̀pà títí ọdún mẹ́ta. Wọ́n yí i padà ní 2008. Ohun tó wá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ pátápátá ni iṣẹ́ ìwádìí LEAP tí Gideon Lack àti àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jáde ní 2015. Wọ́n ti ṣàkíyèsí tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ní Bìrìtìkó ní àlẹ́jì ẹ̀pà ní ìlọ́po mẹ́wàá ju àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ní Ísírẹ́lì, bẹ́ẹ̀ àwọn ti Ísírẹ́lì ti ń jẹ ìpápánu ẹlẹ́pà láti kékeré. Ni wọ́n bá kó ọmọ 640 jọ, oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, gbogbo wọn ló ní ẹ̀kísímà tó le (awọ tó ń gbẹ tó sì ń yún) tàbí àlẹ́jì ẹyin. Wọ́n ní kí àwọn kan máa jẹ ẹ̀pà, kí àwọn yòókù yẹra fún un títí ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò awọ ò rí nǹkan lára wọn níbẹ̀rẹ̀, 13.7% nínú àwọn tó sá fún ẹ̀pà ló wá ní àlẹ́jì ẹ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́, 1.9% péré.

Nítorí náà kí wọ́n má sá fún un. Tí ọmọ bá ti ń jẹun, bí oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lọ ẹ̀pà kúnná, kí wọ́n pò ó mọ́ ògì, díẹ̀ ní àkọ́kọ́, láàárọ̀ tàbí ọ̀sán tí ojú wọn máa wà lára ọmọ, kì í ṣe alẹ́ tí gbogbo ilé fẹ́ sùn. Nǹkan tuntun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀pà odindi, rárá, kó tó pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí ẹ̀kísímà ẹ̀ bá le, tàbí tó ti ní àlẹ́jì ẹyin bíi ti ọmọ Ìyá Àkọ́bí, kó kọ́kọ́ rí dókítà ná.

Ìyàwó Ìjẹ̀bú:
Èyí tọ́ọ̀mù bìráwùn tí gbogbo èèyàn ń lọ̀ fún ọmọ wá ńkọ́? Ẹ̀pà, sóyà, àgbàdo, àwọn kan tún ń fi edé àti ẹja gbígbẹ sí i.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Oúnjẹ tó dáa ni. Ìṣòro ẹ̀ ni pé tí ọmọ bá jẹ ẹ́ tí ara ẹ̀ wú, èwo lẹ máa mú nínú gbogbo wọn? Ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ̀ wọ́n pọ̀.

Ìyá Tunrayọ̀:
Ọmọ tèmi, ọsàn àti tòmátò ló máa ń mú etí ẹnu ẹ̀ ta á. Kò wú, kò bì. Mo ti gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ pé kíkan ọsàn ló ń ta á lára, kì í ṣe àlẹ́jì. Ẹ fi fásílìnì díẹ̀ pa ẹnu ẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wò ó. Gbogbo ara sísú kọ́ ni oúnjẹ náà o, ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn tàbí ibà, ara ẹ̀ lè wú yọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹ nǹkan tuntun rárá. Kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kiri, ebi náà ń pa ọmọ. Àyẹ̀wò irun orí tí wọ́n ń tà lórí Instagram pé ó ń fi àlẹ́jì hàn, kò wúlò, ẹ fowó yín ra ẹyẹlé jẹ.

Ìyá Àkọ́bí:
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi. A ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé. Ṣé títí ayé ni kò ní jẹ ẹyin? Àti pé mo fẹ́ padà síbi iṣẹ́, kí ni kí n sọ fún àwọn kírẹ́ṣì?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kúrò nínú ti ẹyin àti mílíìkì. Ti ẹ̀pà ló máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á tún fún un ní ọsibítù kí wọ́n wò ó.

Kírẹ́ṣì: ẹ má fẹnu nìkan sọ ọ́, torí ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún lè máà wá lọ́jọ́ tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ fọ́tò ọmọ mọ́ ọn, ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ohun tí wọ́n máa rí tó bá jẹ ẹ́, ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù, nọ́ńbà yín àti ti bàbá ẹ̀. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gé kéèkì, kí wọ́n pè yín ná.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham:
Ti kéèkì yẹn gan-an. Níbí, nǹkan mẹ́rìnlá tó ń fa àlẹ́jì lòfin ní kí wọ́n fi hàn lórí oúnjẹ inú pálí, àti láti October 2021 èyí tí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ dì síbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé lára, torí ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, tó kú ní 2016 nítorí yànmọ̀tí tí wọ́n fi sínú búrẹ́dì tí wọn ò sì kọ síbì kankan lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí àwọn ọjà àwa dúdú, ṣìn-ṣín inú náílọ́ọ̀nù, kúlíkúlí, kò sí kíkọ kankan lára ẹ̀. Èmi ti jáwọ́ níbẹ̀, mo ń dín ṣìn-ṣín fúnra mi.

Ìyá Àgbà Ìbàdàn:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Epo mi ò kúrò ní kíṣìn o, ọbẹ̀ ni mo fi ń sè. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi kan tó wà l'Óyìnbó ń bọ̀ ní December, ìyá ẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà. Nínú oúnjẹ ilé wa, yàtọ̀ sí ẹ̀pà sísun, ibo ló tún wà?

Ìyàwó Ìjẹ̀bú:
Mà, sùyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí, kúlíkúlí ló wà nínú yàjì yẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀pà, tọ́ọ̀mù bìráwùn, kókóró kan máa ń ní in nínú, àti òróró ẹ̀pà tí wọ́n fún lábúlé. Àkàrà náà, ẹ bi wọ́n léèrè òróró tí wọ́n fi dín in. Ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ̀pà fún un ní ẹran.

Ìyá Àgbà Ìbàdàn:
Ó dáa. Mo máa sọ fún ìyá alákàrà.